Kànga Tó Bínú Sálọ

Fàwáàsì, ọmọ ọmọ mi, ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì tí mo fi ń jẹun, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tó ti jẹun àárọ̀ tán. Mo ní, "Kí lò ń wò tó bẹ́ẹ̀?" Ó ní géèmù ni, pé òun wà nínú igbó kan, òun ń wá adé ọba tó sọnù, àwọn kan sì ń bá òun rìn: ọ̀kan ń ta ọfà, ọ̀kan mọ oògùn, ọ̀kan lè gba inú ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wá gbìyànjú ẹ̀ wò." Ó tẹ nǹkan kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn ni pé kí lorúkọ rẹ, pé ẹni tí kò bá lórúkọ, kò ní jẹ́ kó wọlé. Háà! Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rò pé orí mi ti ń dàrú. Kò mọ̀ pé mo ti ṣe eré yìí rí ní Fìdítì, nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé agboolé wa, àti pé ìbéèrè yẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún lọ́dún kan.

Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ wọ Fìdítì. Bàbá tó bí mi kú ní Imini nígbà tí mo ṣì kéré, nígbà tí ìyá mi sì ṣe opó tán, ó fẹ́ ọkùnrin Fìdítì kan tó ń gbin ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni àfi ewúrẹ́. Bàbá ni mo pè é títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó nilé gan-an ni ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, tó ń ta ẹ̀gúsí bíbó, tó sì máa ń jókòó sórí àpótí kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ládàánì bá pe ìrun àṣálẹ́. Ilé náà kì í dákẹ́. Bí awó kò bá máa ké lórí ògiri, ìyá mi á máa lọ ata lórí ọlọ. Bí ọlọ bá dákẹ́, mọ́tò akẹ́rù á máa kérora lójú títì Ọ̀yọ́, a sì máa ń tẹ́tí bóyá ti àbúrò Bàbá ni, ẹni tó ń kó ọsàn lọ Èkó. Ọsàn la ń jẹ kí oúnjẹ tó délẹ̀, ọsàn la ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn èèpo ọsàn tó ń jó nínú iná, ọkàn mi á ti dé Fìdítì kí ẹsẹ̀ mi tó mọ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́ta ni mo bá nílé náà, ọmọ ìyálé ìyá mi: Gàníyù tó gùn gbọọrọ, Sìfáwù tí eyín rẹ̀ funfun báláú, àti Ràfíù tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é: ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá bá nílé ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, kódà kí wọ́n ṣì máa tọ̀ sára. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ àpọ́nlé tí yóò máa pè wọ́n. Mo máa ń gbọ́ tí ìyá mi yóò pe Ràfíù yìí ní ọkọ òun, tí yóò rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹun, lẹ́yìn náà yóò yíjú sí èmi pé, "Sàrátù! Ṣé wàá gbé igbá yẹn ni àbí wàá máa wò mí lẹ́nu?" Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún tí mò ń wí yìí ni àbúrò Bàbá gbé ìyàwó dé láti Iware. Obìnrin kúkúrú, aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n ọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ sí odò, torí àwọn tó kù ti lọ sóko. Nígbà tá a padà délé, tí àwọn yẹn náà ti oko dé, ó kó àwọn ọmọ jọ láti sọ wọ́n lórúkọ. Ó wo Gàníyù látòkè délẹ̀, ó ní, "Agùntáṣọọ́lò." Ó wo Sìfáwù, ó ní, "Eyínfúnjowó." Ó wo Ràfíù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìẹ. Abẹ́rẹ́ ni mo sọ yín." Ó wá kàn mí. Mo ti fi ọwọ́ nu ojú mi, mo ti na ọrùn. Ó ṣí ẹnu báyìí, Ìyá Àgbà sì sọ̀rọ̀ láti orí àpótí rẹ̀. "Sàrátù nìyẹn. Sàrátù ni kó o máa pè é. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá." Kò jágbe, kò fa ojú ro, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ń pè é ní Ìyàwó. Èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àǹtí ni mo ń pè é.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Ọyẹ́ ya ètè gbogbo wa, kànga ẹ̀yìnkùlé sì gbẹ títí ó fi jẹ́ pé iyanrìn ni korobá ń bù wá sókè. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn náà ni ẹ̀gúsí ń pọ̀ nílé, gbogbo wa la sì máa ń jókòó yí Ìyá Àgbà ká ní ọ̀sán láti máa bó o. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, kò sí iṣẹ́ tó ń sú ọmọdé bí ẹ̀gúsí bíbó. Èékánná á máa ro èèyàn, oorun á máa kunni, àpò kò sì ní fà. Ní ọ̀sán kan, Ràfíù jan agolo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó ní, "Ìyàwó, níbo ni omi kànga lọ ná?" Àǹtí kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, ọkọ mi? Kànga bínú. Ó dìde ní ìdájí, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba ọ̀nà Jobele lọ." Ràfíù lanu. "Kí la fi ṣe é?" "Ohun tí ẹ máa lọ bi í nìyẹn. Àbí ẹ ò fẹ́ lọ ni?" Gàníyù ní òun á lọ. Àǹtí ní, "Ó dáa. Ẹ ti dé orítà. Ọ̀nà ọ̀tún ń rùn bí ẹja yíyan, ọ̀nà òsì dákẹ́ rọ́rọ́. Èwo lẹ máa gbà?" Bẹ́ẹ̀ leré bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láti ìlú kan sí èkejì gbọ́dọ̀ bó ẹ̀gúsí kún agolo mílíìkì. Ìyẹn ni owó bodè. Bí nǹkan bá dojú kọ ọ́ lọ́nà, yóò da èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Bí èyí tó dojú bolẹ̀ bá pọ̀ jù, ó yè é. Bí èyí tó lanu sókè bá pọ̀ jù, ó kàgbákò. Orúkọ tí Àǹtí sọ kálukú ni agbára rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò lè na ọrùn rí ẹ̀yìn òkè. Bí Eyínfúnjowó bá rẹ́rìn-ín, òkùnkùn á tú ká. Abẹ́rẹ́ kò ṣeé gbé mì: erè kan mì ín lẹ́yìn Ìlọrà, kò pẹ́ tí erè náà fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó jáde, ọ̀fun ń dun òun. Wọ́n dé ọjà kan tó jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ ló ń ná èèyàn. Ewúrẹ́ kan fọwọ́ pa Gàníyù lẹ́sẹ̀, ó ní egungun rẹ̀ pọ̀ jù, òun ò rà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú. Ìyá mi tó ń ro ọkà nínú ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀ pé a gbọ́ òun.

Ọpọlọ obìnrin yìí! Mo ti dàgbà, mo ti bá àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ jókòó, mi ò tíì rí irú orí bẹ́ẹ̀. Fàwáàsì bi mí pé báwo la ṣe ń fi ibi tá a dé pamọ́, pé kọ̀ǹpútà òun ń ṣe é. Mo ní orí Àǹtí ló ń fi í pamọ́ sí. Bó o bá fi àdá sílẹ̀ ní ààfin ọba lọ́jọ́ Ajé, tó wá di Ọjọ́bọ̀ tó o ní o fẹ́ fi àdá ṣán igbó, á ní, "Àdá wo, Agùntáṣọọ́lò? Èyí tẹ́ ẹ gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọba?" Bẹ́ẹ̀ ó ti gún iyán, ó ti pọn omi odò, ó ti fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kì í tún ìtàn kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣojúsàájú, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀gúsí tó ti ń sú wa, àwa la wá ń bẹ Ìyá Àgbà pé kó gbé àpò míì jáde.

Ṣùgbọ́n èmi kò sí nínú wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé? Orúkọ ni wọ́n fi ń wọ eré náà, mi ò sì ní. Ọwọ́ mi ló yá jù nídìí ẹ̀gúsí, tó bẹ́ẹ̀ tí Gàníyù máa ń rọra tọrọ nínú tèmi láti san owó bodè tirẹ̀. Mo máa ń fún un. Ẹ̀gúsí mi dé gbogbo ìlú tí wọ́n dé, èmi alára kò kúrò lórí ẹní. Lálẹ́, mo máa ń sọ ara mi lórúkọ lábẹ́ aṣọ: mo sọ ara mi ní Adúmáadán, mo sọ ara mi ní Òpéléńgẹ́. Kò lẹ̀ mọ́ mi lára. Orúkọ tí èèyàn bá sọ ara rẹ̀, ta ni yóò fi pè é?

Ọ̀sán kan wá dé tí Àǹtí mú wọn dé etí odò kan tó gbẹ. Ó ní àwọn òkúta inú odò náà ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mẹ́rin la máa jẹ́ kó kọjá. Ẹni kẹrin dà?" Sìfáwù da èèpo, Gàníyù da èèpo, Ràfíù sunkún. Àǹtí ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i, òkúta ò gba ẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ràfíù nawọ́ sí mi, ó ní, "Ṣebí Sàrátù nìyí!" Ìyá Àgbà kàn fẹ́ èèpo kúrò nínú àtẹ rẹ̀, ó ní ká múra síṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń gbá ẹ̀yìn fèrèsé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà àti Àǹtí. Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó, mo rí ohun tí ò ń ṣe." "Ìyá, eré ni." "Èmi lò ń sọ fún pé eré ni? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Àǹtí wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, ẹ má bínú. Ìlẹ̀kẹ̀ ò wọ́n nílé yìí. Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ ìdí gbogbo wọn. Ọmọ náà kúkú ti wà nílé kí n tó dé." Mo rò pé Ìyá Àgbà á fìbínú dìde. Dípò bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ yẹn ni? Ta ló ń bá mi fa ewú orí? Ta ló ń gbé omi àlùwàlá mi kalẹ̀ kí n tó jí? Ọmọ Imini ni. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ bá dé, wọ́n á mú un lọ ni, ẹnu wa ò ní gbà á. Ohun tí wọ́n máa wá gbà lọ́wọ́ mi, n ò ní fún un lórúkọ." Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì ronú rí pé ẹnikẹ́ni lè wá mú mi lọ. Láti ọjọ́ náà, bí kẹ̀kẹ́ bá ti ró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rò pé àwọn ará Imini ló dé, mo sì máa ń wá ibi tí mo máa sá sí.

Kẹ̀kẹ́ náà sì ró. Ọ̀sán ni, gbogbo wa wà nídìí ẹ̀gúsí, Bàbá wà lóko. Mo kọ́kọ́ rí fìlà rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n: Bàbá Músá, àbúrò bàbá tó bí mi. Kí ó tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, mo ti wà lẹ́yìn àmù ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ká orúnkún mọ́yà. Ó kí wọn, wọ́n kí i, wọ́n fún un ní ọsàn. Èèyàn dáadáa ni, kò sí ibi nínú rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun bí ìbejì, pé bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á jí, pé kò sí ọmọ obìnrin kankan nílé tó lè gbé ọ̀kan fún un. "Mo wá mú Sàrátù ni, Ìyá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀." Ìyá mi yọ láti ilé ìdáná, ó sì dúró síbẹ̀, omorogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní kí n má lọ, wọ́n á ní ó fẹ́ gba ọmọ mọ́ òkú lọ́wọ́. Ó wo Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ń wo Ìyá Àgbà. Èmi náà ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àmù, mo sì ń sọ nínú mi pé, ó ti tán, kò lè sọ nǹkan kan, ó ti sọ pé ẹnu àwọn ò ní gbà á.

Ìyá Àgbà gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó." Àǹtí ní, "Ìyá." Ó ní, "Pe ọkọ rẹ wá, kó wá kí bàbá rẹ̀."

Àǹtí kò bi í pé ọkọ wo. Ó yí padà lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó dojú kọ àmù, ó sì pè: "Ẹlẹ́sẹ̀ire! Ẹlẹ́sẹ̀ire, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde wá. Wọ́n ń pè yín." Mi ò gbọ́ orúkọ náà rí láyé mi, mo sì mọ̀ pé èmi ló ni ín. Mo jáde. Bàbá Músá wò mí, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀, ó ní, "Ta ni Ẹlẹ́sẹ̀ire?" Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ tẹ́ ẹ wá wò ni. Ẹ ò mọ̀ pé ó ti níyàwó níbí? Ọmọ yín ni, a ò bá yín du ú. Imini ò jìnnà, á máa wá kí yín ní gbogbo Iléyá. Ṣùgbọ́n ta ní í fi ìyàwó sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó gun kẹ̀kẹ́ lọ?" Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti dáwọ́ rẹ̀ dúró, kò lè ṣe é. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà! Àwọn ìbejì mi wá ńkọ́?" Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni mo máa wá. Ṣé ọmọdé ló mọ ìbejì í wẹ̀ ni?" Kò fi ṣe ẹnu lásán. Ní ọjọ́ kejì ó di aṣọ rẹ̀, ó fi ọjà ẹ̀gúsí rẹ̀ lé ìyá mi lọ́wọ́, ó lọ sí Imini, kò sì padà títí ìyá ìbejì fi lókun. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ìyá mi wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, Ìyá Àgbà sì ní kó dìde, kó lọ wo ọkà rẹ̀, pé òórùn ọkà jíjó ti gba gbogbo ilé.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ lọ tán, Àǹtí bu èèpo ẹ̀gúsí, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ire, ọjọ́ tẹ́ ẹ mú mi lọ sódò ni mo ti sọ yín lórúkọ yìí. Ẹ ti dé etí odò, àwọn òkúta ń wò yín. Kí lẹ máa ṣe?" Ọ̀rọ̀ ò jáde. Èmi tí mo ti lálàá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Gàníyù ń tọ́ mi, Ràfíù ń fò sókè. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. "Dá a lóhùn! Ìwọ ọmọ yìí, kànga ń lọ o!" A yíjú sí i, ó sì tètè tẹjú mọ́ àtẹ rẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń bá wọn rìn ni. Mo da èèpo sílẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, mo ti kọjá."

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tá a rí kànga náà. Ó jókòó sábẹ́ igi lọ́nà Jobele, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ní kì í ṣe ìbínú ńlá, ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ tá a ti ń pọn omi lára òun, ẹnì kan ò kí òun rí pé ẹ kú iṣẹ́. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a kí i, ó sì tẹ̀ lé wa wálé. Mo ti lọ́mọ, mo ti lọ́mọ ọmọ, ṣùgbọ́n bí mo bá bu omi nínú kànga, mo ṣì máa ń kí i lábẹ́ ẹnu.

Fàwáàsì ní, "Màmá, ó ṣì ń bèèrè orúkọ yín o. Kí ni kí n kọ?" Mo ní kó má kọ nǹkan kan ná, kó bá mi gbé fóònù. Ojú Ìyàwó ti di bàìbàì báyìí, eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́, ó sì ń gbé nínú yàrá tí wọ́n gbé e wọ̀ lọ́jọ́ kìíní ní Fìdítì. Fóònù dún pẹ́ kó tó gbé e. Mo ní, "Ìyàwó, èmi ni." Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì pariwo tó fi jẹ́ pé ọmọ náà gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí: "Ẹlẹ́sẹ̀ire! Ọkọ mi! Ibo lẹ tún dé báyìí?"